Gáàsì Tí Wọ́n Fọ̀ Nítorí Fídáù

Tahir ni n ó máa pè é níbí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wá a kiri ní Òkè-Ogbó kí ó máa wá a lọ, kò kàn mí. Wẹ́dà ni nígbà ayé ojú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn géètì onírin tí ẹ ń rí láti àdúgbò wa títí dé Mayfair, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Télọ̀ ni èmi, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní òdìkejì ilé rẹ̀, a sì ti jọ ń bú ara wa láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú. Ará Ẹdẹ ni bàbá rẹ̀, Ifẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Bí mo bá fẹ́ mú un bínú, mo kàn máa bi í ìgbà tó ń padà sílé. Á ní ilé òun nìyí, kí èmi tí mo pe ara mi ní ọmọ Ifẹ̀ lọ bi àwọn bàbá mi léèrè ibi tí wọ́n ti rọ̀ wá.

Ojú náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ́kọ́ ń fi èjìká gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àwa sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wẹ́dà tó ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo ìlú kò mọ ojú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé iná tí òun fi ń jó irin ló ń dààmú òun, pé bí òun bá sinmi díẹ̀, yóò lọ. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, pé àìsàn ojú kan wà tí kì í dunni rárá, tó kàn máa ń jí ìríran èèyàn kó láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ọ̀tún kọ́kọ́ lọ, òsì tẹ̀lé e. Ó ta ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò. Ohun tó máa ń ṣe mí láàánú jù ni ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ láti kékeré kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Á máa fi í ra etí tábìlì, á máa fi í ra ara ògiri, láìwá nǹkan kan níbẹ̀.

Rasheedat ni ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ní ọjọ́ kan mo yà kí wọn, mo gbọ́ ohùn tíṣà nínú ilé ìdáná, mo yọjú. Tahir ni mo bá níbẹ̀, ó so aṣọ mọ́ ìdí, ó ń bẹ iṣu. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé Rasheedat ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń ro ògì tí kò ní di kókó, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn òróró kí wọ́n tó da ata sí i, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹyin ti jinná. Mo bi í pé kí ló dé tó ń dá ọkùnrin lágara báyìí nígbà tí òun wà nílé. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá Tinúadé, ṣé èmi ni n ó máa wà títí ayé ni?”

Mo pè é ní àwàdà. Kì í ṣe àwàdà. Kókó ti wà ní ọmú rẹ̀ nígbà náà, ó mọ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan nínú ilé. Ohun tó ń fi gbogbo ara lépa ni pé kí ọkọ rẹ̀ lè máa bọ́ ara rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ bí òun kò bá sí mọ́. Aminullah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ní kí àwọn òbí òun kó wá bá òun. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n Tahir kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní nínú ilé òun nìkan ni òun kò ti fọ́jú. Bó bá dé ibòmíràn, ó ní àfi kí wọ́n máa fa òun lọ́wọ́ kiri bí ewúrẹ́.

Iná ló kù. Gáàsì olójú méjì ni wọ́n ní, èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Bí Tahir bá yí i, kò mọ ìgbà tí iná kéré, kò mọ ìgbà tó pọ̀, èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò mọ ìgbà tó kú. Rasheedat kán àbẹ́là sí ara gáàsì náà láti fi ṣe àmì, ooru yọ́ ọ. Ó lẹ ègé páálí mọ́ ọn, omi bà á jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àìsàn náà ti ń jẹ ẹ́ lára, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ́ torí pé ìdí kò mú un mọ́. Ó jókòó, ó já okùn rẹ̀. Ó ra gúlù lọ́wọ́ oníbàtà, ó sì lẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà yí ká ibi tí wọ́n ti ń yí iná: ẹyọ kan níbi tí ó ti ń kú, méjì sí iná kékeré, mẹ́ta sí iná ńlá. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé e. Nígbà tó yá ni Tahir sọ fún mi pé bí òun ti fọwọ́ kàn án ni òun mọ ohun tó jẹ́. Rasheedat ní, “Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọwọ́ yín ṣáà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Àwọn méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná bí ọmọdé.

Kò tún ṣi iná yí mọ́. Mo ti jẹ dòdò tó fúnra rẹ̀ dín, kò jóná níbì kan. Bí wọ́n ṣe ń fọ gáàsì náà wá di òfin. Rasheedat kò gbà kí kànìnkànìn onírin dé ibẹ̀, kò gba yanrìn, kò gba eérú, kò gba kẹrosíìnì. Omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ́ ẹ lé ibi tí ọbẹ̀ bá ta sí, wọ́n á lọ kírun. Bí wọ́n bá fi máa sálámà tán, ìdọ̀tí náà á ti rọ̀, wọ́n á nù ún kúrò. Gúlù kò ní ṣí. Ṣùgbọ́n aṣọ rírọ̀ kì í wọ ìdí ìlẹ̀kẹ̀. Epo àti èéfín ń dì mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìlẹ̀kẹ̀ náà fi dúdú, tó fi jọ pé ẹ̀gbin lásán ló gan mọ́ ara irin. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn án kò lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Rasheedat kú nínú ọyẹ́. A sin ín ní ọjọ́ kan náà bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí, wọ́n sì dá ọjọ́ fídáù. Àníkẹ́, àbúrò rẹ̀, dé láti Ẹdẹ. Aminullah àti Fúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú àdúà ni àwọn obìnrin wọ ilé ìdáná láti tún un ṣe, nítorí àwọn èèyàn Ẹdẹ ń bọ̀, àwọn tíṣà Modákẹ́kẹ́ ń bọ̀, gbogbo wọn ló sì máa gba ibẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìnkùlé.

Èmi àti Tahir wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àáfà àti àwọn àgbà méjì wà ní pálọ̀ pẹ̀lú Aminullah, wọ́n ń ṣètò ìjókòó. A gbọ́ tí Àníkẹ́ rí gáàsì náà. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀, ó ní wọ́n máa wọlé yìí lọ́la, wọ́n máa rí i, wọ́n á ní ọ̀bùn ni ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní kò sí ẹni tó mọ́ tó Rasheedat nílé bàbá àwọn, àìsàn ni kò jẹ́ kó lè gbọ́wọ́ sókè mọ́. Ó bú sẹ́kún. N kò lè bínú sí obìnrin náà títí di òní, bó ti wù kí ó dùn mí tó. Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá gáàsì yẹn jà.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́. Àníkẹ́ ní eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni, kò sí epo tó lè dúró dè é. Fúnlọ́lá ní rárá, pé eérú á ha ojú rẹ̀. Ó ti ra agolo kan ní Mayfair, èyí tí wọ́n máa ń fọ́n jáde bí ọṣẹ híhó, tó ń bó ẹ̀gbin jíjóná kúrò lára irin. Ẹnì kan ní sódà kọ́sítíìkì ni àwọn olóúnjẹ ń lò. Tahir gbé orí sókè. Ó pè wọ́n láti ibi tó jókòó sí.

“Àníkẹ́, ẹ má fi nǹkan líle fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Àníkẹ́ dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi iṣẹ́ obìnrin sílẹ̀ fún wa. Ẹ ò rí bó ṣe rí ni.”

Tahir ya ẹnu, ó sì pa á dé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àìríran yẹn ló dùn ún. N kò mọ̀ pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dá wọn dúró tí kò ní í tú ìyàwó rẹ̀ síta, kò sì rí i. Ó tún ní kí wọ́n ṣáà fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Fúnlọ́lá fẹ̀sọ̀ sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, pé owó òun ni òun fi ra agolo náà. Wọ́n rò pé ahun ló ń ṣe.

Òórùn nǹkan náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ta wá nímú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a gbọ́ kànìnkànìn onírin tó ń ha. Tahir di apá àga mú. Lẹ́yìn náà kànìnkànìn náà dúró.

Àníkẹ́ ló jáde, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan dání, ìlẹ̀kẹ̀ pupa kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ọṣẹ ṣì ń hó lára wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pálọ̀ ló gbà lọ tààrà, ó sì sọ ọ́ lójú Àáfà pé ẹnì kan di nǹkan mọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n òun ti ń dáná. Ó ní abájọ tí àìsàn náà kò fi gbọ́ oògùn. Àáfà, kí Ọlọ́run fún un ní ìlera, ní kí ó má tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi onílé. Ni gbogbo wọn bá rọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aminullah bu ìlẹ̀kẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, a rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan lára gáàsì. Ṣé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?”

Kí ni ọkùnrin náà máa wí? Àna rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Àáfà wà níbẹ̀, àwọn àgbà mọ́sálásí wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ da erùpẹ̀ bo obìnrin náà ni. Ojú rẹ̀ tí kò ríran ń wo òkè. Ó ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ dà á nù.”

Wọ́n dà á sínú gọ́tà pẹ̀lú omi ìdọ̀tí. Àáfà ka àdúà sí ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kejì tí àlejò ń wọlé, gáàsì náà ń dán gbinrin, àwọn tíṣà Modákẹ́kẹ́ sì ń wí pé ọwọ́ Rasheedat mọ́ títí ó fi kú. Àníkẹ́ gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn fídáù, olúkúlùkù padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Tahir ní kí wọ́n máa lọ, pé òun lè dáná. Òótọ́ ni, ó lè dá a tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́ nígbà tí mo rí èéfín lójú fèrèsé rẹ̀. Mo sáré. Ó ti se ògì tán, ó yí iná síbi tó rò pé ó kú, kò kú, ó gbé aṣọ ìnuwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aṣọ náà ti jó, kọ́tìnnì sì ti ń gbà á. Èmi àti àwọn aládùúgbò la pa iná náà. Kò ṣe Tahir ní nǹkan ju pé iná rá a ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó dúró sáàárín èéfín, ó ń fi ọwọ́ tí iná rá náà ra ojú gáàsì, ó ń rà á lọ, ó ń rà á bọ̀. Ibi gbogbo ń yọ̀.

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà fún mi, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ. Mo gbọ́ ọ tán, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo lọ sí gọ́tà, mo fi igi tú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Òjò kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń da omi síbẹ̀, n kò rí ẹyọ kan. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo kó bọ́tìnnì, mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe júwe rẹ̀ fún mi. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní á ṣiṣẹ́, ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò.

Aminullah ti gbọ́ nípa iná náà. Ó dé ní ọjọ́ kejì, ó rí ògiri dúdú, ó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n di. Kò jágbe. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bàbá òun ti ń lo gáàsì yìí tipẹ́ láìsí ewu, pé bí kò bá lè lò ó mọ́ báyìí, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ló ti ń lọ, pé bọ́tìnnì tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kò lè wo orí sàn. Ó ní ikú ìyá òun ti dà á lọ́pọlọ rú, òun kò sì lè fi í sílẹ̀ kí iná pa á. Ó fẹ́ mú un lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n ti ilé náà.

Mo fi í sílẹ̀, mo wọlé bá Tahir. Mo ní kó sọ òótọ́ fún ọmọ náà. Mo ní bí Aminullah bá gbọ́ pé àmì ni wọ́n bó kúrò lára irin, á mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe orí bàbá òun, á sì fi í sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Tahir ń mi orí. Mo ní kó kúkú sọ pé àmì ni, kó má sọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́.

Ó fi orúkọ pè mí. “Fáníyì, gbogbo wọn ló rí i. Àníkẹ́ rí i, Fúnlọ́lá rí i. Bí mo bá ní tèmi ni, ta ló wà nínú wọn tí kò ní mọ ibi tó ti wá?”

Mo ní kí wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ni, kò jí i gbé. Ohùn mi ti ń ga. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí gbogbo wọn, inú bí mi sí òkú pàápàá tí kò wá nǹkan mìíràn lẹ̀ mọ́ gáàsì.

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Ọmọ mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ìyá rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ níwájú Àáfà. Àbúrò ìyá rẹ̀ pè é ní oògùn ìkà. Fúnlọ́lá ló fọ́n nǹkan tó bó o. Ṣé kí n wá sọ fún wọn ohun tí wọ́n ṣe? Ìhòòhò ìyá rẹ̀ lo fẹ́ kí n sọ fún un. Jẹ́ kí wọ́n ní orí mi ti dàrú, ìyẹn sàn.”

Ó dìde, ó rìn la gbogbo yàrá kọjá láìdi nǹkan mú, ó kó agbádá mẹ́ta, ìwé kéú rẹ̀ àti rédíò. Aminullah fẹ́ fà á lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀, Tahir ní kó dúró dìgbà tí àwọn bá jáde sí títì. Nígbà tí wọ́n jáde sí títì, ó na ọwọ́ náà fún un.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo ń pè é lórí fóònù, ó sì máa ń sọ ohun tó jẹ fún mi. Ó ní Fúnlọ́lá kì í jẹ́ kí òun fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á gbé abọ́ lọ. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń kéré sí i, nígbà tó yá kì í bú mi mọ́, bí mo bá sì bi í ìgbà tó ń padà sílé, kì í fèsì. Kò lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi kú.

Aminullah fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó sunkún, mo sunkún. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó ń tu òun nínú ni pé àwọn mú bàbá kúrò nínú ilé yẹn kó tó ṣe ara rẹ̀ léṣe, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ. Ó bi mí bóyá èmi náà ṣàkíyèsí rẹ̀ lára bàbá òun, nítorí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù.

Mo ní mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Mo ní wọ́n ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe mú un lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ àkókò ìsìnkú fún mi.